Ìyá Oníbàálù ń dáhùn: “Ọwọ́ mi mọ bàálù wà, drone wá ń fi mí ṣẹ̀sín”

Ìbéèrè

Ìyá Oníbàálù, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó di ọdún 23 tí mo ti ń kan bàálù kékeré tí à ń fi rìmóòtù darí. Igi balsa ni mo fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú ẹ́ńjìnnì olómi tó máa ń tu epo lárà sí èèyàn láṣọ. Mo lè mú bàálù balẹ̀ nígbà tí afẹ́fẹ́ ń tì í láti ẹ̀gbẹ́, àwọn tí mo sì ti kọ́ ju mẹ́wàá lọ. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ mi dáwó jọ, wọ́n ra drone oníkámẹ́rà fún mi. Mo gbé e sókè, ó dúró sójú kan bí ìgbà tí wọ́n fi ìṣó kàn án mọ́ òfuurufú. Mo fọwọ́ kúrò lára ọ̀pá ìdarí tó wà lórí rìmóòtù, kò mira. Ká má parọ́, kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi sú mi.

Mo ráhùn fún ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa drone eré-ìje ní pápá wa. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Bàbá, ẹ gba tèmi ẹ gbìyànjú ẹ̀.” Ó tiẹ̀ ti dẹ̀ ẹ́ kó má baà le jù fún mi. Mo gbé e, ó ta bí ọfà, ó dorí kọ ògiri. Ohun tí ọwọ́ mi ti ń ṣe láti gbogbo ọdún yìí wá náà ló ṣe: mo gé agbára. Drone já bọ́ bí òkúta, apá rẹ̀ kan ṣẹ́, bátìrì fò jáde. Mo sanwó rẹ̀, ṣùgbọ́n ojú tì mí níwájú àwọn tí mo kọ́. Ibo ni mo ti ṣìṣe? Èwo ni kí n gbájú mọ́ nínú méjèèjì? Ẹ sì bá mi sọ òótọ́: ṣé wíwa bàálù nìyí, àbí kámẹ́rà tó ń gun abẹ̀bẹ̀ kiri?

Èmi ni Bàbá Onígi.

Ìdáhùn

Bàbá wa, ohun tó tọ́ lẹ ṣe, ara ohun tí kò yẹ lẹ ti ṣe é.

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló kọ́ mi ní bàálù. Ọ̀rọ̀ kan ló ń wí sí mi létí títí mo fi ń gbọ́ ọ lójú oorun: “Tí ọkàn rẹ bá dàrú, gé agbára, jẹ́ kí apá gbé e.” Ọ̀rọ̀ yẹn gba bàálù mi là láìmọye ìgbà. Òun náà ló bá mi fọ́ drone mẹ́ta láàárín oṣù kan. Ẹ̀kẹta ò ju mítà mẹ́rin sí mi lọ. Mo rí i tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi, mo fa ọ̀pá wálẹ̀, ó sì fìdí sọlẹ̀ níwájú mi bí ọmọ tí inú ń bí.

Bàálù ní apá. Bí ẹ́ńjìnnì bá kú, afẹ́fẹ́ tó ń gba ara apá yẹn kọjá ṣì ń gbé e, ẹ ó ráyè wá ibi tẹ́ ẹ máa fi balẹ̀. Drone ò ní nǹkan tó jọ bẹ́ẹ̀. Ọ̀pá mẹ́rin tí wọ́n ń pè ní apá rẹ̀, àga tí ẹ́ńjìnnì jókòó lé ni. Abẹ̀bẹ̀ mẹ́rin ló ń gbé e dúró, méjì ń yí sápá ọ̀tún, méjì ń yí sápá òsì, kí ipá wọn lè pa ara wọn rẹ́, kó má baà máa pòòyì. Tẹ́ ẹ bá ní kó lọ síwájú, àwọn tẹ̀yìn á sáré ju tiwájú lọ, á sì tẹrí ba. Tẹ́ ẹ bá ní kó yíjú, àwọn méjì tó ń yí sápá kan náà á yára, àwọn méjì yòókù á rọra. Gbogbo ohun tó ní náà nìyẹn. Ẹ gé agbára, ilẹ̀ ló kù.

Irú ẹ̀rọ yìí kì í ṣe tuntun. Ní oṣù May 1924, Étienne Oehmichen, ọmọ ilẹ̀ Faransé, jókòó sínú èyí tó kàn fúnra rẹ̀, ó fi rin òbìrípo kìlómítà kan ní ìṣẹ́jú 7 àti ìṣẹ́jú-àáyá 40. Ìyà dídá a dúró gedegbe kò ṣeé máa fi ọwọ́ àti ẹsẹ̀ jẹ. Ohun tó wá sọ ọ́ di nǹkan tí ọmọdé lè fò lónìí ni gyroscope tín-ín-rín, ìyẹn ohun tó ń mọ̀ bí ẹ̀rọ ṣe ń yí, àti kọ̀ǹpútà kékeré tó wà ní ikùn rẹ̀, tó ń tún ẹ́ńjìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún ìgbà láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan.

Nítorí náà, Bàbá, nígbà tẹ́ ẹ bá ti ọ̀pá lórí bàálù, ìrù tàbí etí apá lẹ ń tì. Nígbà tẹ́ ẹ bá ti ọ̀pá lórí drone, kọ̀ǹpútà lẹ ń bẹ̀ níṣẹ́, iṣẹ́ tẹ́ ẹ sì ń rán an kì í ṣe ọ̀kan náà lọ́jọ́ gbogbo. Èyí tí àwọn ọmọ yín rà ń bá GPS ṣiṣẹ́, ìyára lẹ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ̀: “Máa lọ báyìí.” Ẹ fọwọ́ kúrò, ó dúró. Èyí tí ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn dẹ̀ fún yín, bó ṣe máa tẹ̀ lẹ ń béèrè: “Tẹ̀ báyìí.” Ẹ fọwọ́ kúrò, á tò pẹrẹsẹ, ṣùgbọ́n kò dúró. Á ṣì máa yọ̀ lọ sí ibi tó dorí kọ, afẹ́fẹ́ á sì máa gbé e. Ọ̀nà kẹta wà tí wọ́n ń pè ní acro. Bó ṣe máa yí lẹ ń béèrè níbẹ̀: “Máa yí báyìí.” Ẹ fọwọ́ kúrò, bó ṣe tẹ̀ náà ló máa wà títí ẹ ó fi dá a padà. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dojú bàálù dé nínú òfuurufú rí, ẹ ti mọ ìyẹn. Èyí tí wọ́n ń fi dẹ́rù ba àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ló máa bá ọwọ́ yín mu jù.

Ọ̀pá agbára, èyí tí gbogbo wa ń pè ní throttle, ni ẹ máa bá jà. Lórí drone oníkámẹ́rà, ó ní sípíríǹgì, àárín ló máa ń padà sí, àárín yẹn sì túmọ̀ sí “dúró níbi gíga tó o wà”. Lórí ti eré-ìje, kò sí sípíríǹgì, ibi tẹ́ ẹ bá gbé e sí ló máa wà. Tẹ́ ẹ bá wa méjèèjì lọ́jọ́ kan náà, ọwọ́ yín máa dàrú. Tèmi ṣì máa ń dàrú. Ẹ tún yẹ̀ ẹ́ wò bóyá ọwọ́ tẹ́ ẹ fi ń mú agbára lórí bàálù náà lẹ fi mú un lórí rìmóòtù tí wọ́n yá yín. Bó bá jẹ́ Mode 1 lẹ ti ń lò, ọwọ́ ọ̀tún yín ló ni agbára, ọ̀pọ̀ drone tí wọ́n ń tà sì ti wà ní Mode 2 tí òsì ni í. Ó ṣeé yí padà. Ẹ yí i padà. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ kankan fi yín ṣe yẹ̀yẹ́ pé Mode 2 ni ayé ń lò.

Ohun kejì tí ọwọ́ yín máa ṣe ni pé tẹ́ ẹ bá fẹ́ yà, ẹ máa tẹ̀ ẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ẹ máa fa ìrù díẹ̀, ẹ ó sì máa retí pé kó yà. Kò ní yà. Á kàn máa fi ẹ̀gbẹ́ rìn bí akàn. Yíyí ojú rẹ̀ wà lọ́wọ́ ọ̀pá ìtọ́kọ̀, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú wa (kẹ́ ẹ má bínú) ti fi sílẹ̀ fún ìgbà tí bàálù bá wà lórí ilẹ̀ nìkan. Lórí drone, bí ẹ ò bá jẹ́ kí àtẹ̀sẹ́gbẹ̀ẹ́ àti ìyíjú jọ ṣiṣẹ́, kò lè yà dáadáa. Láti ìgbà tí mo ti ń wa drone, bàálù mi gan-an ń yà ju ti tẹ́lẹ̀ lọ.

Ìkẹta ni bíbọ̀ wálẹ̀. Tẹ́ ẹ bá jẹ́ kí drone sọ̀kalẹ̀ gbọnrangandan kó sì yára, inú afẹ́fẹ́ tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ fúnra rẹ̀ ti dà rú ló ń wọ̀. Ẹ máa kọ́kọ́ rí i tó ń gbọ̀n bí ewé kókò lábẹ́ òjò, ohùn rẹ̀ á máa lọ sókè-sódò, lẹ́yìn náà kò ní gbọ́ tiyín mọ́. Tẹ́ ẹ bá fún un lágbára sí i, ìyẹn tún lè da afẹ́fẹ́ yẹn rú sí i. Ẹ tì í síwájú, kó jáde síbi tí afẹ́fẹ́ ti mọ́. Ohun tí mo ń ṣe ni pé mo máa ń mú un sọ̀ kalẹ̀ ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, bí ẹni tó ń mú bàálù bọ̀ wá balẹ̀. Ẹ ti mọ ìyẹn náà ṣe.

Èwo wá ni kẹ́ ẹ mú? Ẹ fi drone àwọn ọmọ yín pa mọ́ dáadáa, ẹ má tà á, ó máa wúlò. Ṣùgbọ́n ẹ má retí pé yóò dùn mọ́ ọwọ́ yín, nítorí wọn ò ṣe é fún ọwọ́. Iṣẹ́ ojú ni. Ẹni tó ń wà á, ayàwòrán ni, bó bá gbàgbé pé òun ń wa nǹkan kan, a jẹ́ pé drone ọ̀hún dára. Ti eré-ìje tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ jẹ́ íǹṣì márùn-ún, tó sì ṣẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ fi í sílẹ̀ títí oṣù mélòó kan. Ó lágbára jù, abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ sì lè gé ìka.

Ẹ so rìmóòtù yín mọ́ kọ̀ǹpútà, ọ̀pọ̀ tòde òní ló ń gba okùn USB, kẹ́ ẹ lọ fi simulator, ìyẹn eré orí kọ̀ǹpútà tó ń ṣe bíi drone, kọ́ ọ. Kí ọwọ́ yín já a bọ́ níbẹ̀ títí ìgégbára yẹn yóò fi kúrò lára rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ ra èyí tó kéré jù lọ, irú èyí tí wọ́n ń pè ní tiny whoop, tí abẹ̀bẹ̀ rẹ̀ wà nínú òrùka, tí gbogbo rẹ̀ kò ju nǹkan bí gíráàmù 30 lọ. Inú yàrá lẹ máa fò ó. Bátìrì kan á gbé e fún bí ìṣẹ́jú mẹ́ta. Iṣẹ́ tí mo máa fún yín ni pé kẹ́ ẹ mú un dúró síbi àyà yín, kí ìrù rẹ̀ kọjú sí yín, títí bátìrì náà yóò fi tán. Kò gbọdọ̀ ga ju orí yín lọ, kò gbọdọ̀ lọ sísàlẹ̀ orúnkún. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe é láìwo ọ̀pá, ẹ yí i kó kọjú sí yín. Kò ní ṣòro fún yín, ọ̀tún tó ń di òsì ti jẹ yín níyà lórí bàálù láti ọjọ́ pípẹ́.

Mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ibi tẹ́ ẹ ti ju ọ̀dọ́mọkùnrin yẹn lọ. Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yín náà lẹ kó wá.

Ẹ rántí pákó tó máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ pápá nígbà tí rédíò wa ṣì wà lórí 35 tàbí 72 megahertz? Ẹni tó bá mú èèkàn nọ́ńbà kan ló ni ìgbì yẹn, ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ tan rédíò rẹ̀ lórí ẹ̀. Nígbà tí 2.4 gigahertz dé, tí rédíò kọ̀ọ̀kan ń wá ìgbì tirẹ̀ fúnra rẹ̀, a pa pákó tì. Ó ti padà dé o. Àwọn tó ń fi awò FPV wo ohun tí kámẹ́rà drone ń rí, orí 5.8 gigahertz ni ọ̀pọ̀ àwòrán wọn ń gbà, Raceband tí wọ́n ń lò fún eré-ìje sì ní ojú ọ̀nà mẹ́jọ péré, láti 5658 dé 5917 megahertz. Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọdébìnrin kan ń fò káàkiri àwọn géètì, ó ń ṣe é dáadáa. Lẹ́yìn rẹ̀, ẹnì kan so bátìrì mọ́ drone tirẹ̀ lórí tábìlì. Kò fẹ́ fò, ó fẹ́ yẹ iná ìdí rẹ̀ wò ni. Bí bátìrì ṣe wọlé ni kámẹ́rà rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, ojú ọ̀nà kan náà. Mo rí ọmọdébìnrin náà tó na ọrùn síwájú, tó ń sọ pé, “Mi ò ríran, mi ò ríran mọ́.” Drone rẹ̀ lọ bá igi. Gbogbo wa dákẹ́. Lọ́jọ́ kejì mo lọ gbé pákó mi jáde láti inú yàrá ìkẹ́rù, mo kọ R1 dé R8, orúkọ ojú ọ̀nà mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ náà, sí ara èèkàn. Ẹ̀yin lẹ mọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ṣe, àwọn ọmọ yìí ò bá a.

Bákan náà ni ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí rìmóòtù bá dákẹ́. Lórí bàálù yín, ẹ ti tò ó pé kí ẹ́ńjìnnì kú. Lórí ti eré-ìje náà, kí ó kú, kó já bọ́ síbi tó wà. Ó sàn kó fọ́ ju kó máa fò lọ sórí èèyàn. Ẹ yọ abẹ̀bẹ̀ kúrò, ẹ pa rìmóòtù lórí tábìlì, kẹ́ ẹ fojú ara yín rí i tó dúró. Drone oníkámẹ́rà ní tirẹ̀ á fẹ́ padà sílé. Ibẹ̀ gan-an ni mo ti pàdánù kan. Mo tò ó pé kó padà ní gíga 20 mítà. Igi tó wà láàárín èmi àtòun ga ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó gbéra, ó yíjú sí mi, ó tò bí ọmọ rere, ó sì wọ inú igi lọ. Ní báyìí, kí n tó gbé e, mo máa ń wo ohun tó ga jù lọ láyìíká, màá fi mítà mẹ́wàá lé e. Mo tún máa ń dúró kí GPS mú ibi tí mo wà dáadáa, mi ò sì ń gbé e sórí bọ́néẹ̀tì ọkọ̀ láti gbéra, nítorí irin ń da kọ́ńpáàsì rẹ̀ láàmú.

Òfin ńkọ́? Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ló fi gíráàmù 250 ṣe ààlà fún ìforúkọsílẹ̀, tó sì fi nǹkan bí 120 mítà ṣe òpin gíga. Ẹ lọ ka ti ibi tẹ́ ẹ wà kẹ́ ẹ tó gbé e, nítorí ó ń yí padà. Ẹ bi ẹgbẹ́ yín léèrè bóyá ìwé ìbánigbófò yín mọ drone. Ó lè má mọ̀ ọ́n.

Ẹ ní ṣé wíwa bàálù ni. Ní 1935, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe bàálù kan tí kò sí awakọ̀ nínú rẹ̀, rédíò ni wọ́n fi ń darí rẹ̀ káwọn ológun lè fi kọ́ ìbọn yíyìn. Queen Bee, ìyẹn ayaba oyin, lorúkọ rẹ̀. Ọ̀pọ̀ gbà pé ara orúkọ yẹn ni drone, tó túmọ̀ sí akọ oyin, ti jáde. Lásìkò kan náà ní Amẹ́ríkà, òṣèré kan, Reginald Denny, tí bàálù kékeré ti wọ̀ lẹ́wù bí ẹ̀yin, ṣí ilé ìtajà bàálù ní Hollywood. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ Radioplane ti yọ, tó ta ẹgbẹẹgbẹ̀rún bàálù aláìláwakọ̀ fún ológun nígbà Ogun Àgbáyé Kejì. Ní 1945, ayàwòrán kan lọ síbẹ̀, ó ya ọmọbìnrin òṣìṣẹ́ kan tó ń jẹ́ Norma Jeane. Marilyn Monroe ni ẹ máa mọ̀ ọ́n sí. Àwọn tó ń gé igi, tó ń ta gọ́ọ̀mù sí ara tábìlì ìdáná, àwọn ló bí drone, Bàbá. Ọmọ ilé yín ló jù yín mọ́lẹ̀.

Ìbéèrè

Mà, ọkọ mi ló ń wa drone, èmi kọ́. Ó ń fi bátìrì sí ṣáàjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, ó ń sùn. Ọ̀kan ti wú. Ó ní òun máa fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ jáde. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe é?

Èmi ni Ìyàwó Oní-drone.

Ìdáhùn

Ẹ gba abẹ́rẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Bátìrì lithium tó wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, bí wọ́n bá gún un, ó lè gbiná lójú ẹsẹ̀, iná rẹ̀ sì ń bínú. Kó má fi sí ṣáàjì mọ́, kó má fi fò. Kó gbé e síta, jìnnà sí ohun tó lè jó, kó tú iná inú rẹ̀ dànù díẹ̀díẹ̀, kó fi téèpù di ẹnu okùn rẹ̀, kó gbé e lọ síbi tí wọ́n ń gba ògbólógbòó bátìrì. Kó má jù ú sínú pàǹtírí ilé.

Àwọn yòókù, kó má ṣáàjì wọn lójú oorun láéláé. Kó jókòó tì wọ́n, kí wọ́n wà nínú ohun tí iná ò lè jó. Bátìrì irú èyí, ẹyọ inú rẹ̀ kọ̀ọ̀kan kún ní volt 4.2. Èyí tí kò ní lò fún ọjọ́ mélòó kan, kó dá a padà sí bí 3.8 kó tó tọ́jú rẹ̀. Kíkún tí wọ́n ń kún sílẹ̀ láìlò ń bà wọ́n jẹ́. Bó bá sì jẹ́ kó lọ sísàlẹ̀ 3.0, ó ti ń pa á nìyẹn. Tó bá ní òun ti ń ṣe é bẹ́ẹ̀ láti ìgbà bàálù, ẹ sọ fún un pé èmi náà ṣe é bẹ́ẹ̀, àti pé àmì dúdú tó wà lára tábìlì mi kò tíì parẹ́.

Ìbéèrè

Mo ń lo awò méjì, ọ̀kan fún ìwé, ọ̀kan fún ọ̀nà jíjìn. Ṣé mo lè fi awò FPV fò?

Èmi ni Olójú Méjì.

Ìdáhùn

Ẹ lè fi fò. Awò FPV mìíràn ní ibi tẹ́ ẹ ti máa yí i kó bá ojú yín mu, àwọn mìíràn ń gba gíláàsì kékeré tí wọ́n gé bíi ti awò yín. Ẹ má rà á láìgbé e sójú. Lọ́pọ̀ ilẹ̀, òfin ní kí ẹnì kan dúró tì yín kó máa wo drone pẹ̀lú ojú lásán, nítorí ẹ̀yin ò rí ohun tó ń bọ̀ láti ẹ̀gbẹ́. Ẹ mú ẹni tó lẹ́nu. Ọ̀rẹ́ mi kan tó ń dúró tì mí jẹ́ oníwà pẹ̀lẹ́, ó rí ọkọ̀ òfuurufú tó ń gbé aláìsàn tó ń bọ̀, ó ṣì ń wá bó ṣe máa sọ ọ́ lọ́nà tí kò ní dà mí láàmú.